Imú Màlúù Lè Gbẹ Kí Àrùn Ṣì Wà Nínú Iṣan Rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìròyìn yìí. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lórí àrùn imú tó ń yọ àwọn tó ń sin màlúù lẹ́nu. Ẹni náà gbà wọ́n nímọ̀ràn pé màlúù tí imú rẹ̀ bá ti gbẹ, tó ti ń jẹko, tó sì ti padà ń jẹ àpọ̀jẹ, ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn pátápátá, pé kí ẹni tó ni ín máa tà á láìfòyà fún ẹni tó bá fẹ́ sìn ín. Inú rere ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn àrùn imú wọ̀nyí tí àwa dókítà ẹranko ń pè ní IBR, tí àwọn olóko màlúù ní Amẹ́ríkà ń pè ní imú pupa. Ní ti èyí, ọ̀rọ̀ òǹkàwé yín kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Màlúù tí IBR bá ti mú lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbé e di ọjọ́ ikú rẹ̀ nìyẹn. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láyè láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí pé ó ti ná èmi fúnra mi lówó, ó sì ti mú kí n fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.

Dókítà ẹranko ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì ń sin màlúù díẹ̀ ní oko kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Mo ní akọ kan nígbà náà, funfun bí ẹfun, tí mo rà ní kárà ní nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Láàárín ọdún márùn-ún náà, n kò gbọ́ kó húkọ́ rí. Ní àkókò òjò ọdún kan, orúnkún rẹ̀ apá ọ̀tún wú, ó sì ń tiro. Ìbàdàn ni mo wà ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá wa gún ẹran lábẹ́rẹ́ ní àdúgbò gún un ní dexamethasone fún ọjọ́ márùn-ún léraléra, torí pé oògùn náà a máa mú kí ara wíwú lọ sílẹ̀ kíákíá. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí mo fi dé, akọ náà ti ń rìn geerege, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

N kò tíì lo ọjọ́ mẹ́ta nílé tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú àwọn abo mẹ́fà tí wọn kò tíì bímọ rí, tí mo tọ́ láti ọwọ́ ìyá wọn. Imú wọn ń ṣàn. Ó kọ́kọ́ mọ́ bí omi òjò, ó wá ki, ó wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí inú ẹyin. Awọ imú wọn pupa bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ọ̀kan nínú wọn na ọrùn síwájú, ó la ẹnu, ó yọ ahọ́n, ó ń fi ẹnu mí, ara rẹ̀ sì gbóná kọjá 41 lórí ìwọ̀n tí mo tì bọ̀ ọ́ nídìí. Akọ funfun yẹn ń jẹ koríko rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Omi tó wà létí imú rẹ̀ kò ju èyí tí ìrì òwúrọ̀ lè fi síbẹ̀ lọ, n kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó tó nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, abo méjì tí oyún wọn ti tó oṣù mẹ́fà bí òkú ọmọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn Fúlàní tí gáà wọn wà ní òdìkejì odò ni mo di ẹ̀bi náà rù. Ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, agbo wọn kan wá mu omi níbi tí tiwa ti ń mu. Mo lọ bá Séríkí wọn, bàbá àgbà tó jù mí lọ dáadáa, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tó ju ẹnu mi lọ. Wọ́n gbọ́, wọn kò fèsì, wọ́n ní kí n mu wàrà kí n tó máa lọ, n kò mu ún.

Mo ti gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo agbo mi ní ọjọ́ kejì tí mo rí àìsàn náà, mo sì tún gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ bóyá ìjà tí ara jà jẹ́ ti àná tàbí ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Èsì dé. Nínú ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí ààmì kankan lára àwọn ọ̀dọ́ abo mẹ́fà náà pé wọ́n ti bá fáírọ́ọ̀sì tó ń fa IBR pàdé rí. Nínú ìkejì, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní in. Ẹranko méjì péré ló ti ní in láti ìgbà àkọ́kọ́, àwọn náà ni akọ funfun yẹn àti àgbà abo kan tí mo jọ rà pẹ̀lú rẹ̀ ní kárà lọ́jọ́ kan náà. N kò lè búra nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ náà síwá tí mo tò ó sẹ́yìn, agbo àwọn Fúlàní kọ́ ni àrùn ti wá. Inú oko mi ló wà fún ọdún márùn-ún, abẹ́rẹ́ tiwa ló sì jí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akọ yẹn kò ṣòro láti lóye bí a bá rántí ohun tí gbogbo wa ti rí lára ọmọ ènìyàn. Ibà á mú ọmọ, bí ibà náà bá ti fẹ́ lọ, egbò wẹ́wẹ́ á yọ sí i létè, àwọn ìyá wa á ní ibà ló ń jáde yẹn. Ibà kọ́ ló ń jáde. Fáírọ́ọ̀sì kan ni, ó ti wọ ara ọmọ náà láti kékeré, bóyá láti ẹnu ẹni tó fẹnu kò ó lẹ́nu, ó sì ti lọ jókòó sí ibi tí àwọn iṣan ìmọ̀lára ojú ti pàdé lábẹ́ agbárí. Ibà wulẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Ẹbí kan náà ni òun àti fáírọ́ọ̀sì IBR, ẹbí tí à ń pè ní herpes, ibi kan náà ni èyí sì máa ń lọ fara pamọ́ sí lára màlúù.

Awọ inú imú ló kọ́kọ́ ń dé. Ó ń bí sí i nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, ó ń pa wọ́n, ìdí nìyí tí imú fi ń pọ́n tó sì ń ṣàn ní ọjọ́ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tó wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ogun ara á ti lé e kúrò níbẹ̀, ẹni tó bá sì ń wo imú nìkan á ní ogun ti tán. Àmọ́ kí ogun tó tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti gba ẹnu àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ta gbòǹgbò sínú awọ imú wọlé, ó sì ti tọ inú okùn iṣan náà gòkè bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń tọ irin, títí ó fi dé kókó iṣan kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó bá ti la orí màlúù láti yẹ̀ ẹ́ wò mọ kókó yìí: ó tẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Bó bá jẹ́ pé nígbà tí akọ gun abo ni àrùn náà ràn, kókó iṣan tó wà ní ìdí ẹ̀yìn ló ń lọ.

Nígbà tó bá débẹ̀, á ká ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò. Ìlànà tó fi ń bí ara rẹ̀, tó gùn tó lẹ́tà bíi 135,000, á ká roboto bí òrùka sínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, gbogbo jíìnì, ìyẹn àwọn àṣẹ tó wà lórí rẹ̀, tó tó nǹkan bí 70, á sì dákẹ́, àyàfi ibì kan. Kò ní ṣe ohunkóhun jáde tí ọmọ ogun ara lè rí kó fi mọ̀ pé àlejò wà nínú ilé. Abẹ́rẹ́ apa-baktéríà tí à ń gún kò kàn án, torí kì í ṣe baktéríà. Sẹ́ẹ̀lì iṣan kì í sì í kú kí òmíràn rọ́pò rẹ̀ bíi ti awọ. Èyí tí màlúù ní nígbà tó jẹ́ ọmọ náà ló máa ní títí tó fi máa kú. Tí ẹnikẹ́ni bá ń wá ilé tí yóò sá pamọ́ sí, kò lè rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo tí kò dákẹ́ yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní LR. Láàárín àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ ẹ́ wò ni Clinton Jones, olùṣèwádìí ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Nebraska kó tó kọjá sí Oklahoma. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí i pé iṣẹ́ LR ni kí ó má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ń gbé kú mọ́ ọn lórí, torí bí ilé bá wó, onílé bá a lọ. Wọ́n ba LR jẹ́ lára àwọn fáírọ́ọ̀sì kan, wọ́n fi kó àwọn ọmọ màlúù, wọ́n sì dúró títí gbogbo ààmì àìsàn fi lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gún àwọn ọmọ màlúù náà lábẹ́rẹ́ láti jí ohun tó bá wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó pé pérépéré jí padà. Èyí tí wọ́n ba LR rẹ̀ jẹ́ kò jí.

Ẹ jọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n gún wọn? Dexamethasone ni. Oògùn tí ọmọ àdúgbò wa gún akọ mi nítorí orúnkún, òun náà ni àwọn onímọ̀ ń lò nínú yàrá ìwádìí nígbà tí wọ́n bá dìídì fẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì yìí jí. Ọjọ́ tí mo tún ka èyí ní ọjọ́ ogbó mi, ojú tì mí, torí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé, mo sì gbàgbé.

Ìdí tí oògùn yìí fi ń jí i ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sin màlúù mọ̀. Nígbà tí ìnira bá dé bá ẹranko, yálà òùngbẹ ni, ìrìn àjò, ìrọbí, ìjà nínú agbo, tàbí ojú ọjọ́ tó le, àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín rẹ̀ á tú èròjà kan tó ń jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù sínú ẹ̀jẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni agogo tí ara ń lù pé ìlú kò fararọ. Fáírọ́ọ̀sì náà ti kọ́ láti máa gbọ́ agogo yìí. Nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, ohun kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba kọ́tísọ́ọ̀lù tó bá wọlé; tó bá ti gbà á tán, á lọ bà lé orí ìlànà fáírọ́ọ̀sì náà gan-an, òun àti alábàáṣe kan tí wọ́n ń pè ní KLF15, wọ́n á sì jọ ṣí àwọn jíìnì tó máa ń ṣáájú gbogbo àwọn yòókù. Wákàtí díẹ̀ ló ń gbà. Lẹ́sẹ̀ kan náà, kọ́tísọ́ọ̀lù yìí ń dín agbára ọmọ ogun ara kù, ìyẹn ni pé bí a ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún olè là ń sọ fún ọdẹ pé kó lọ sùn. Dexamethasone jẹ́ kọ́tísọ́ọ̀lù àtọwọ́dá, ó sì fi nǹkan bí ìlọ́po 25 lágbára jù ú lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí ẹni tó pirọ́rọ́. Ní tòótọ́, n kò mọ̀ bóyá oorun ni kí á pe ohun tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń sùn, nígbà tí etí rẹ̀ wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Bó bá ti jí, ọ̀nà tó gbà gòkè náà ló ń gbà sọ̀kalẹ̀, á padà dé inú imú, á sì tú jáde pẹ̀lú ikun àti itọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ara màlúù tó gbé e ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó ń tètè kì í mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹranko yẹn lè má fi ààmì kankan hàn. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ nínú ọpọ́n kan náà tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí ni wàhálà máa ń bá. Ohun tó tún jẹ́ kí ó ṣòro láti dá mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìnira ló ń jí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹranko mìíràn lè gbé e fún ọdún gbọọrọ láìtú u jáde.

Bí òǹkàwé yín bá rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe, kí ó wo ohun tí àwọn ará Yúróòpù náwó sí. Jámánì ti mọ̀ ọ́n láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, gẹ́gẹ́ bí àrùn tó ń yọ ìléròrò sí ojú ara abo lẹ́yìn tí akọ bá gùn ún. Àwọn ọdún 1950 ni ti imú fara hàn gbangba, ní Colorado àti California, níbi tí wọ́n ti ń kó màlúù jọ rẹpẹtẹ láti bọ́ wọn sanra. Wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì náà gbà sọ́tọ̀ ní 1956. Nígbà tó dé Switzerland gẹ́gẹ́ bí àrùn imú ní ìparí àwọn ọdún 1970, ìjọba ibẹ̀ pinnu láti 1983 pé àwọn máa fà á tu. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀, màlúù tí ààmì fáírọ́ọ̀sì náà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sí odò ẹran, ì báà máa fún àgbá wàrà kan lóòjọ́, ì báà má sì tíì húkọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ní 1993, ó ti kúrò nílẹ̀ wọn. Denmark, Finland àti Sweden náà ti lé e lọ kí àwọn ọdún 1990 tó parí. Ó pẹ́ kí Jámánì tó bọ́ nínú rẹ̀. 2017 ni wọ́n tó kà wọ́n sí ilẹ̀ tí kò ní in mọ́. Ẹ rò ó wò: àwọn tó mọ iye owó màlúù wọn dé kọ́bọ̀ kò ní kó èyí tó ń ta kébékébé lọ fún alápatà bó bá jẹ́ pé imú gbígbẹ ni ìwòsàn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ó sì dára, ṣùgbọ́n kí á má retí ohun tí kò lè ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dín àìsàn kù, ó sì ń dín iye fáírọ́ọ̀sì tí ẹranko ń tú jáde kù, àmọ́ kò lè wọ inú kókó iṣan lọ lé èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Nẹ́dálándì kópa púpọ̀ nínú èyí tó mọ́gbọ́n wá jù lọ, tí wọ́n yọ ẹyọ èròjà kan tó ń jẹ́ gE kúrò lára fáírọ́ọ̀sì rẹ̀, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín màlúù tí a gún ní àjẹsára àti màlúù tí àrùn ti mú gan-an. Ní 1998, wọ́n sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olóko, ṣùgbọ́n ní 1999 wọ́n ní láti dá a dúró, nítorí wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì àrùn màlúù mìíràn ti wọ inú àwọn ìgò kan. Mo mẹ́nu kàn án kí ẹ lè mọ̀ pé ibi tí ètò wà pàápàá, ẹsẹ̀ a máa yọ̀.

Ó wà ní ilẹ̀ tiwa náà. Àwọn dókítà ẹranko ti rí ààmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1970. Ẹ wá wo ìrìn tí màlúù ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Púpọ̀ nínú èyí tí a ń rà ní kárà Akínyẹlé ní Ìbàdàn, tàbí ní kárà tó wà ní Ìṣerí lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Òkè Ọya ló ti gun tírélà wá. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ tọ̀sán tòru, ìwo dí ìwo, okùn ń fa imú rẹ̀, èyí tó bá ṣubú, wọ́n á fi igi gún un dìde, omi sì dọjọ́ tí wọ́n bá dé. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, wọ́n á dà á mọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí. Bí wọ́n bá ní kí èmi dókítà jókòó ṣètò bí a ó ṣe jí fáírọ́ọ̀sì yìí láìlo abẹ́rẹ́, n kò lè ṣe ètò tó pé jù ìyẹn lọ. Èyí tó bá ń lọ tààrà sí odò ẹran kò ní wàhálà kankan fún ẹnikẹ́ni, torí IBR kì í mú ènìyàn, ẹni tó bá sì jẹ ẹran rẹ̀ tàbí wàràkàṣì tí wọ́n fi wàrà rẹ̀ ṣe kò lè kó o. Ẹni tó rà á láti fi kún agbo rẹ̀ ni kí ó ronú.

Àwọn tó ń ra àtọ̀ akọ láti òkè òkun láti fi gbin abo wọn náà wà lára ẹni tí mò ń bá wí. Akọ tó gbé fáírọ́ọ̀sì yìí sí kókó iṣan ìdí ẹ̀yìn lè tú u sínú àtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó má sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nínú naitirójìn olómi tí wọ́n fi ń gbé àtọ̀, tó tutù dé ìwọ̀n 196 lábẹ́ òdo, àtọ̀ kò ní kú, fáírọ́ọ̀sì náà kò sì ní kú. Kí ẹni tó ń rà á béèrè ìwé ẹ̀rí tó sọ pé akọ náà kò ní IBR. Ìwé tó sọ pé ara akọ náà le kò tó, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ló fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ní ti dexamethasone, n kò ní kí á dà á nù. Ó ti gba ẹ̀mí ẹran púpọ̀ là lójú mi. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń tà á ní ìsọ̀ oògùn ẹran bí ẹni ń ta ẹ̀pà, tí ẹni tó ń gún un kò sì ní béèrè ibi tí ẹranko ti wá tàbí àwọn tó ń bá a gbé. Bó bá di dandan kí á gún un fún ẹran tí a rà ní kárà, kí á yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn aboyún àti àwọn ọ̀dọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bákan náà ni kí ẹni tó ra màlúù tuntun so ó lọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí ó sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àyẹ̀wò náà ń gba owó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òkú ọmọ méjì tí mo gbẹ́lẹ̀ sin jù ú lọ. Ibì kan wà tí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lè tàn wá: ọmọ màlúù tó kó fáírọ́ọ̀sì náà nígbà tí wàrà àkọ́mu ìyá rẹ̀ ṣì ń dáàbò bò ó lè gbé e sínú iṣan láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi hàn nígbà tó bá dàgbà. Wọn kò wọ́pọ̀, àmọ́ wọ́n wà, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ mọ ìyá ẹran àti agbo tó ti wá kí n tó sanwó.

Mo padà lọ bá Bàbá Séríkí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì mu wàrà tí n kò mu lọ́jọ́sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ní ayé bàbá tàwọn, màlúù tí wọ́n bá rà kì í bá tilé jẹ àfi tí oṣù bá lé lẹ́ẹ̀mejì lójú rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní bàbá àwọn kò sọ ìdí.

Mo ta akọ funfun náà fún alápatà nígbà Iléyá. Àwọn abo mẹ́fà yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ti bímọ, ara wọn ń dán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan wá láti ọ̀nà Ṣakí, ó rí wọn, ó yan méjì, ó sì kó owó gidi kalẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ oko tirẹ̀. Mo sọ ohun tó wà lára wọn fún un. Ó wo imú wọn, ó fọwọ́ kàn án, ó ní, “Dókítà, imú wọn gbẹ táútáú.” Mo ní mo mọ̀. Mo ní tó bá jẹ́ fún pípa, mo lè tà wọ́n fún un lóòní ní iye tí alápatà ń rà, àmọ́ n kò lè tà wọ́n fún ọ̀sìn. Ó kó owó rẹ̀, ó ní òun á wo ibòmíràn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Dókítà ẹranko kan tó ti fẹ̀yìn tì, ní agbègbè Ìsẹ́yìn